Omi Àlejò

Ìbọ̀wọ́ kan ba Landry ní àyà. Èkejì fò gba ojú fèrèsé jáde.

"Ẹ wá agbọ̀n kí ẹ gbé e dúró sẹ́nu ilé!" Ràhámọ̀tù, aṣọ́lé wọn, ní. "Bó bá jẹ́ ohun tí yóò máa jò lẹ ń wá, agbọ̀n mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, àwọn ọmọbìnrin tó kù dojú kọlẹ̀. Ọ̀kan ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Landry, olùkọ́ ìṣirò tó tún jẹ́ kóòṣì wọn, bẹ̀rẹ̀ mú ìbọ̀wọ́ tó wà nílẹ̀, ó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà ní láti gbójú sókè.

"Góòlù kan péré, Ràhá. Kí wọ́n tó fun fèrè ìsinmi. Tó bá ti wọlé tán, ti ilẹ̀kùn rẹ. Eṣinṣin ò gbọdọ̀ wọlé mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Èṣùgbàyí."

"Ẹ̀yin wá ní kí ni?"

Landry tún ń gbọn ìbọ̀wọ́ tó ti mọ́. Prisca, tó máa ń dúró níwájú Ràhámọ̀tù lórí pápá, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ràhá, dúpẹ́ pé omi ni wọ́n ní ká bù fún wọn. Bó bá jẹ́ iyán ni ńkọ́? Márùn-ún ni ì bá wọlé, pẹ̀lú ọbẹ̀!"

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Ràhámọ̀tù nìkan ni kò rín in.

Àwọn àlejò ló fa gbogbo rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan tó jẹ́ erékùṣù, tó kéré sáàárín òkun bí ẹyọ àgbàdo tó bọ́ sínú odò, ni wọ́n ti wá: àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n fẹ́ bá ẹgbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ gbá ìdíje ní Kútọnu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ń wá pápá tó dákẹ́ tí wọ́n lè fi gbára dì, ọmọ Kétu kan tó wà ní ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù sì dárúkọ Odomẹ́ta lágbègbè Kétu fún wọn. Láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé, oorun ò kun ìlú mọ́. Olóṣèlú ti wá síbẹ̀ rí, dókítà màlúù ti wá, àwọn tó ń ka èèyàn ti wá. Odindi orílẹ̀-èdè ò wá rí.

Ẹni tó bá sì mọ òkè Kétu mọ̀ pé omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà níbẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, kànga jìn débi pé tí o bá ju òkúta sí i, o lè kí ẹni tó ń kọjá, kó dá ọ lóhùn, kó tún béèrè ìyá rẹ, kí o tó gbọ́ ìró òkúta náà. Àwọn obìnrin a jí lọ pọnmi lọ́nà jíjìn, wọn a gbé ìdajì ìkòkò bọ̀ nílé. Síbẹ̀, bí àlejò bá yà, òun ni yóò kọ́kọ́ mu. Ọmọ onílé lè sùn tòùngbẹ-tòùngbẹ. Títí di òní yìí, ọmọ Kétu tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn rẹ̀, omi ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá kó tó béèrè orúkọ.

Nítorí náà, ohun tí Bàbá Èṣùgbàyí rò kò le. Àlejò ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ bàbá òun; kí wọ́n má fi òùngbẹ kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní góòlù kan, kó jẹ́ omi àlejò. Ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ sì ni pápá náà lóòótọ́. Bó bá bínú lónìí, bí òjò bá ti rọ̀, àgbàdo á máa hù láàárín ilé méjèèjì, ọmọbìnrin kankan ò sì ní gbá bọ́ọ̀lù ní Odomẹ́ta mọ́. Landry mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ṣùgbọ́n lónìí gan-an ni Màdáàmù Philomène ń bọ̀. Òun ló ń yan àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bẹ̀nẹ̀. Ó fẹ́ wá wo bí àwọn àlejò ṣe ń gbá a, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún Landry lórí fóònù pé ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́lé òun ti dá lọ́rùn ọwọ́, òun á sì tipa bẹ́ẹ̀ wo ọmọ Odomẹ́ta tí wọ́n ń ròyìn yẹn. Latifou, bàbá Ràhámọ̀tù, náà ti sọ tirẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, láìbínú, bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀: bí nǹkan kan ò bá ti inú bọ́ọ̀lù yìí jáde lọ́dún yìí, Pobẹ̀ ni yóò lọ kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun tó ń ránṣọ.

Ràhámọ̀tù jáde lọ mú ìbọ̀wọ́ kejì lẹ́yìn fèrèsé. Kò padà wọlé. Ilé Bàbá Èṣùgbàyí ló gbà lọ.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí kékeré tó gbé kọ́ ògiri. Ọṣẹ ṣì funfun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ìkejì ti ń dán. Aṣọ ńlá rẹ̀ ti wà lórí okùn, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìmúra, Bàbá."

"Háà, ọmọ Latifou! Ṣé o ti jẹun? Aṣọ́lé tí ebi ń pa ò lè fò."

"Wọn ò ní kí n fò, Bàbá. Wọ́n ní kí n ṣubú."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé abẹ kúrò létí ọ̀fun rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà mú kó gé ara rẹ̀. "Omi lásán ni, ọmọ mi. Omi tá a bù fún àlejò ò ní kí ìkòkò onílé gbẹ."

"Lọ́dún tó kọjá, àwọn ará Ìmẹ̀kọ sọdá ẹnubodè wá bá àwọn ọkùnrin wa gbá bọ́ọ̀lù. Àlejò ni wọ́n. Mẹ́rin la gbá sí wọn nílé. Ẹ̀yin lẹ jó jù lọ, Bàbá. Ta ló bu omi fún wọn?"

Abẹ dúró.

"Ti ọkùnrin yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀, Bàbá?"

"Ìjà ni tiwọn. Tiyín, eré ni. Ó dùn ún wò." Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń ki ẹran bọ ọmọdé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà sí dígí. "Àti pé, Ràhámọ̀tù, níbo lo ti rí ọkùnrin tó ń bu omi fún àlejò?"

Bó bá jẹ́ pé ó jágbe mọ́ ọn ni, ì bá rọrùn. Òun náà ì bá jágbe padà nínú ọkàn rẹ̀, kó sì mọ ibi tí ìbínú rẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá náà rọ̀ bí òwú, ìbínú Ràhámọ̀tù sì kàn ń wọ inú rẹ̀ lọ, kò rí ibi tó le. Ó dìde. Kò ní ẹ ṣé, kò ní ó dàbọ̀.

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Òwe yìí ló ń jẹ lẹ́nu bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápá láàárín àwọn igi tẹ́kì, eruku pupa ń bo bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé òwe náà sọ ìgbà tí wọ́n ń san án. Kò sọ ẹni tó ń san án.

Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò dé pẹ̀lú orin. Wọ́n ń lu ara ọkọ̀ láti inú, wọ́n ń kọrin ní èdè Àgùdà, ìyẹn Potogí, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìlú dákẹ́ díẹ̀. Gbogbo wọn ti rò pé àwọn tó tóbi ni yóò jáde. Ọmọdé ni wọ́n, bí ọmọ tiwọn, pẹ̀lú aṣọ máyòò aláwọ̀ ewé tó tóbi jù fún àwọn kan.

"Wọ́n ní ìlú wọn kéré débi pé tí o bá gbá bọ́ọ̀lù le," Prisca ń sọ sí Ràhámọ̀tù létí, "ọkọ̀ ojú omi lo máa wọ̀ lọ mú un."

"Prisca, ṣé wọ́n sọ fún ìwọ náà?"

"Kí ni?"

"Pé kí n ṣubú. Kí Landry tó sọ fún mi."

Prisca tẹ̀ba, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè, ìyẹn sì jẹ́ ìdáhùn. Kì í ṣe Prisca nìkan. Bí Ràhámọ̀tù ṣe ń rìn lọ sẹ́nu ilé rẹ̀, àwọn ìyá tó jókòó sétí pápá ń kí i jù bó ṣe yẹ lọ. "Ràhá, a kú iṣẹ́ o! Bù ú kó tutù!" Gbogbo Odomẹ́ta ló mọ̀. Àwọn àlejò nìkan ni kò mọ̀, àti obìnrin kan tó wọ fìlà funfun tó jókòó lórí ìjókòó iléèwé lábẹ́ igi. Màdáàmù Philomène nìyẹn. Ọmọ Àgbómẹ̀ ni, kò gbọ́ Nàgó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Rẹfirí fun fèrè.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti hàn pé àwọn àlejò mọ̀ ọ́n gbá. Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Onínọ́mbà mẹ́sàn-án wọn, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọ iléèwé, sáré kọjá lára Prisca bí ẹni pé Prisca ń dúró de ọ̀kadà sẹ́mì lójú ọ̀nà, ó sì yin bọ́ọ̀lù náà sẹ́nu ilé. Ràhámọ̀tù fò. Ó fi ìka ọwọ́ tì í kọjá òkè òpó. Ilẹ̀ le, ó fi ìgbáròkó sọlẹ̀, ó sì tún dìde.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Onínọ́mbà mẹ́sàn-án tún dé. Ràhámọ̀tù jáde pàdé rẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́yà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ó gbójú sókè lábẹ́ eruku, ó rí fìlà funfun tó ń tẹ̀ síwájú lábẹ́ igi. Inú rẹ̀ gbóná, inú rẹ̀ dùn, ó ń bínú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé mi ò ní fún wọn. Kí wọ́n gbin àgbàdo. Kí wọ́n gbìn ín lé mi lórí.

Nígbà náà ni Bàbá Èṣùgbàyí dìde lórí àga rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dúró, aṣọ ńlá rẹ̀ tàn ká, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ìyá kan ló kọ́kọ́ pè é, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Omi!" Èkejì gbà á. Kó tó di pé wọ́n gbé bọ́ọ̀lù padà sáàárín, gbogbo etí pápá ti gbà á, ọmọdé, àgbà, àwọn ọlọ́kadà tó dúró lórí alùpùpù wọn, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ sí i.

"O-mi! O-mi! O-mi!"

Àwọn ọmọ erékùṣù wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí èrò, ó rò pé orin ìkíni ni.

Ràhámọ̀tù wá ojú bàbá rẹ̀ láàárín èrò. Latifou ò pariwo pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú wọn ṣe mẹ́rin, ó mi orí sílẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí àlejò bá wọlé tí kò sì fẹ́ pariwo rán an níṣẹ́ níwájú wọn. Ràhámọ̀tù mọ ìmirí náà láti kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ò le. Onínọ́mbà mẹ́sàn-án fi ẹsẹ̀ òsì gbá a láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń yí bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọsàn tó jábọ́ nínú agbọ̀n. Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ sí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó sì la ọwọ́.

Bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá.

Èrò ti ń fò sókè. Ṣùgbọ́n onínọ́mbà mẹ́sàn-án ò tíì dúró; ó ti ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù rẹ̀, bí gbogbo àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn ti ń ṣe, bóyá aṣọ́lé á jẹ́ kó bọ́. Ó rí ọwọ́ náà. Ó rí bó ṣe là. Ó kọjá lára Ràhámọ̀tù tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó bá bọ́ọ̀lù lórí ìlà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé ṣófo níwájú rẹ̀. Ariwo kú lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ọmọ náà yíjú padà. Ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù náà kọjá ẹ̀gbẹ́ òpó, síta, ó wá tẹ̀ sọ́dọ̀ Ràhámọ̀tù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èdè Àgùdà ni. Ó ń na ìka sí ọwọ́ rẹ̀, ó ń na ìka sí èrò, ó ń lu àyà ara rẹ̀, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀, omijé sì dúró ní ojú rẹ̀ tí kò já bọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fà á. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó padà wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó kù.

Ràhámọ̀tù ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kò sì sí ọ̀kan tí kò yé e. Ohun tí òun náà ti sọ fún Landry láàárọ̀ ni, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Kò tíì rò ó rí, láti àárọ̀, pé omi náà ní ẹni tí wọ́n fẹ́ dà á sí lẹ́nu, àti pé ẹni náà lè má béèrè. Nítorí ara rẹ̀ nìkan ló ti ń bínú.

Ó dìde. Ó lu ìbọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀, ó pe ọmọ náà, "Ẹ̀ẹ́!" Ó nawọ́ sí ilé rẹ̀. Ó nawọ́ sí ara rẹ̀. Wá.

Ó sì wá. Kò sí ẹni tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà tó máa gbàgbé bó ṣe wá, àti bí Ràhámọ̀tù ṣe ń dí i lọ́nà. Wọ́n gbá a títí di ìsinmi, wọ́n tún gbá a lẹ́yìn rẹ̀. Èrò pe omi, ó sú wọn. Bàbá Èṣùgbàyí jókòó. Prisca forí kan ọ̀kan wọ ilé àwọn àlejò tìjọ̀gbọ̀n-tìjọ̀gbọ̀n, inú ìlú dùn, ó sì tún dàrú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, onínọ́mbà mẹ́sàn-án já Prisca sílẹ̀, ó gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó sì yin bọ́ọ̀lù sí igun. Ràhámọ̀tù na gbogbo ara tí Ọlọ́run fún un. Bọ́ọ̀lù náà kan orí ìka rẹ̀. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àwọ̀n.

Èrò bú sáriwo. "Wọ́n ti mu! Wọ́n ti mu!"

Ọmọ náà ò sáré lọ dì mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wá nawọ́ sí Ràhámọ̀tù nílẹ̀, ó sì fà á dìde kíkankíkan, bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Kò rẹ́rìn-ín. Ràhámọ̀tù náà ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, Bàbá Èṣùgbàyí rìn wọ pápá, ojú rẹ̀ ń dán.

"O ṣeun, ọmọ mi. O pẹ́ kó o tó bù ú, ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣùgbọ́n o bù ú."

"Mi ò bù ú, Bàbá. Èyí tó wọlé yẹn, ó gbà á ni."

Bàbá fọwọ́ pa á lórí. "Bó o fún un, bó gbà á, omi ti kọjá ọ̀fun." Ó sì lọ kí àwọn àlejò.

Màdáàmù Philomène dúró de Ràhámọ̀tù lẹ́bàá òpó. Faransé ló sọ.

"O dára. O dára ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Ti àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó dúró lórí ìlà. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ rẹ?"

Landry ti ń sáré bọ̀, ó ti la ẹnu láti ṣàlàyé. Ràhámọ̀tù ò dúró dè é. Ó sọ ọ́: àlejò, kànga, Bàbá, èrò. Bó ṣe ń sọ ọ́ ní Faransé, ó ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń kéré sí i lẹ́nu òun.

Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wò ó lójú, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ìyẹn ni wọ́n ń pariwo? Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ni." Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ní Kútọnu, gbogbo pápá ló máa ń kún. Àwọn kan á fẹ́ kó o mú un, àwọn kan á fẹ́ kó o jẹ́ kó lọ, àwọn mìíràn á fi owó sí i. Mo nílò ọwọ́ tí kì í gbọ́ ohun tí èrò ń wí." Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Kì í ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Màá tún gbọ́ ìròyìn rẹ."

Ó lọ. Kò burú, kò ṣèkà, ó sì tọ̀nà. Ohun tó jẹ́ kó le nìyẹn. Ràhámọ̀tù wo yíká pápá fún ẹni tó yẹ kó bínú sí, ó rí Landry tó ń wo bàtà ara rẹ̀, ó rí Bàbá Èṣùgbàyí tó ń fi ọwọ́ méjèèjì bọ àlejò lọ́wọ́, ó rí Prisca tí àwọn èèyàn gbé sókè. Ìfẹ́ ló pọ̀ jù lójú gbogbo wọn.

Latifou ti yí alùpùpù rẹ̀ padà sí ojú ọ̀nà. Ó ti gbọ́. Ìròyìn kì í fẹsẹ̀ rìn ní Odomẹ́ta.

"O ṣe dáadáa," ó ní. "O gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, gbogbo èèyàn ló rí i. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré." Ó ta alùpùpù náà, kò jí, ó tún ta á, ó jí. "Ti Kútọnu ti kọjá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó o máa bọ̀ kí wọ́n tó wọlé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Gùn ún, ká lọ sọ fún ìyá rẹ."

Ràhámọ̀tù ò gùn ún.

"Mi ò lọ sí Pobẹ̀, Bàbá."

Latifou tẹ́tí, bí ẹni pé ẹ́ńjìnì ló sọ̀rọ̀. Ó pa á.

"Kí lo wí?"

Ràhámọ̀tù ti ń retí ìbínú náà, èyí tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀, pé kó dìde wá bá òun sọ ọ́. Kò dìde. Àyè rẹ̀ ṣófo, ó sì mọ́.

"Mo ní mi ò lọ, Bàbá. Mo fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù."

Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ò kúnlẹ̀, òun ò sì pariwo.